Mo Rí Ọwọ́ Àbúrò Mi Bó Ṣe Ń Nà Án Sí Wáyà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn o. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe ná. Bí ẹ bá kà á tán tó bá ṣe yín bíi kí ẹ gbé mi ṣépè, ẹ gbé mi ṣépè. Àwọn tó sún mọ́ mi jù yín lọ ti ṣe é.

Ọwọ́ mi máa ń yá ju ẹnu mi lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu mi gan-an kì í ṣe kékeré. Iṣẹ́ kọ́ìlì wíwé ni mò ń ṣe. Fáànù tó bá jóná, ẹ̀rọ tó ń fa omi tó bá kọ̀ tí kò yí mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Màá tú wáyà tó jóná inú rẹ̀ dànù, màá wé tuntun sí i. Bàbá wa ló kọ́ èmi àti àbúrò mi níṣẹ́ yìí kó tó kú. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo ti la pláyà mọ́ oníbàárà kan lẹ́nu rí nítorí ó ní kí n lọ pe ọkùnrin wá. Eyín rẹ̀ jábọ́ sórí tábìlì mi. Ọ̀gá Wáyà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, orúkọ mi ni wọ́n sì fi ń dẹ́rù ba ọmọ tí kò bá fẹ́ sùn.

Àbúrò mi ọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí èèyàn bá gbá a létí, á bi onítọ̀hún bóyá ọwọ́ ń dùn ún.

Àwọn òpó onírin tó ń gbé iná lọ sí ìlú ńlá gba orí àdúgbò wa kọjá. Tí ẹ bá dúró sábẹ́ wáyà gíga yẹn, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń kùn bí oyin. Kì í sinmi. Àwa tó ń kọjá lórí wa kì í rí iná lò tó bó ṣe yẹ. Iná tiwa á wá lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn ń ràn, á sì lọ nírọ̀lẹ́ gẹ́lẹ́.

Àbúrò mi ló sọ pé iná inú wáyà gíga yẹn kì í dá dúró sínú wáyà. Ó ní agbára kan tí ojú kò rí máa ń yí i ká nínú afẹ́fẹ́. Ó ní bí èèyàn bá wé wáyà bàbà mọ́ férémù tó fẹ̀ dáadáa, tó gbé e sábẹ́ rẹ̀, iná díẹ̀ á wọ inú kọ́ìlì yẹn láìjẹ́ pé nǹkan kan kan nǹkan kan.

"Ìwọ fẹ́ ju àwọ̀n sínú afẹ́fẹ́ kó o fi kó iná?" Fíúsì ló sọ bẹ́ẹ̀, elétíríkì àdúgbò wa. Fíúsì la sọ ọ́ nítorí kò sígbà tí fíúsì kì í sí lápò àyà rẹ̀. "Apẹja! Ẹ wá wo Apẹja iná o!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe àbúrò mi ní Apẹja.

Èmi ni mo bá a wé kọ́ìlì àkọ́kọ́. Férémù rẹ̀ ga tó ilẹ̀kùn. A gbé e lọ sábẹ́ wáyà gíga, àbúrò mi so gílóòbù bíńtín kan mọ́ ọn. Gílóòbù náà tàn. Ẹ̀yin ará mi, ó tàn! Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Èmi náà sì ń lu ẹ̀yìn rẹ̀ gbà-gbà, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbá èèyàn mọ́ra.

Ó wá ní àṣà kan. Bó bá fẹ́ fi iná rẹ̀ han ẹnikẹ́ni, á ki ọwọ́ ọ̀tún bọ omi, á fi ọwọ́ tútù náà di ojú wáyà méjèèjì mú. Àwọn èèyàn á ké "Ye!" Òun á máa rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," á ní. "Kò lè pa eṣinṣin. Èérún tó ń bọ́ nílẹ̀ lásán ni mò ń ṣà."

Ilé ìgbẹ̀bí kan wà lábẹ́ wáyà gíga yẹn gan-an, ọgbà rẹ̀ fara kan ṣọ́ọ̀bù mi. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Tí ọmọ bá fẹ́ jáde lẹ́yìn tí iná ti lọ, eyín ló fi ń di tọ́ọ̀ṣì mú kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Òun ló pe àbúrò mi.

"Apẹja, ṣé iná rẹ yìí lè ràn mí lọ́wọ́?"

"Á ràn yín lọ́wọ́, Mà. Gílóòbù kan ni o. Á máa kó iná jọ sínú bátìrì díẹ̀díẹ̀, tí aboyún bá dé, ẹ ó rí nǹkan tàn."

"Gílóòbù kan tó mi. Ọmọ kan ni mo máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan."

Ká ní ẹnu mi dákẹ́ níbẹ̀, mi ò ní máa kọ ìwé sí yín lónìí. Ṣùgbọ́n Fíúsì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó ń tún súìsì ṣe, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú.

"Gílóòbù kan kẹ̀?" ni mo bá ní. "Nọ́ọ̀sì, gbogbo ilé yìí ni yóò tàn! Á yí fáànù pẹ̀lú! Ẹ pe gbogbo àdúgbò wá wò ó."

Bá a ṣe jáde, àbúrò mi fà mí lápá. "Ẹ̀gbọ́n, kò lè yí fáànù. Ẹ ẹ̀ jẹ́ ká padà lọ sọ fún wọn?"

"Ta ló ń wé kọ́ìlì, èmi tàbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Fi sílẹ̀ fún mi."

Mo tún kọ́ìlì náà wé. Mo fi wáyà kún wáyà títí àwọn ìka mi fi là. Fáànù náà kò tilẹ̀ mì. Nọ́ọ̀sì sì ti kéde. Àwọn àgbà àdúgbò ti ní àwọn ń bọ̀, àwọn aboyún ń sọ ọ́ kiri. Níbi ẹ̀rọ omi, Fíúsì rí mi, ó ní, "Ọ̀gá Wáyà, fáànù ńkọ́?"

Garawa omi ni mo fi dá a lóhùn. Ó bá a létí. Ó tì mí ṣubú, mo dìde, mo gé e jẹ léjìká títí ẹnu mi fi kún fún ẹ̀jẹ̀. Èèyàn ló là wá. Bí wọ́n ṣe ń fà mí lọ, ó ń pariwo pé, "Ìjà ò lè yí fáànù o! Ìjà ò lè yí fáànù!"

Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ yẹn ló sì ń ta mí lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo èèyàn fẹ́ wá, mo fa wáyà kan láti ṣọ́ọ̀bù mi gba abẹ́ ọgbà, mo rì í mọ́ inú iyẹ̀pẹ̀, mo mú un gba ihò ògiri wọ inú àpótí onígi tó wà ní yàrá ìgbẹ̀bí, níbi tí wáyà kọ́ìlì wa ti wọlé. Mo lọ́ ọ pọ̀ mọ́ wáyà tó ti inú kọ́ìlì jáde. Iná tó ń pa èèyàn ni mo mú wọ inú ohun tí àbúrò mi ń fi ọwọ́ tútù dì mú.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe dì í o. Bàbá wa kì í jẹ́ ká lo téèpù. "Téèpù, iṣẹ́ ọ̀lẹ," á ní. Òwú ló máa ń rẹ sínú fáníìṣì tí a fi ń kun kọ́ìlì, á fi wé ibi tí wáyà ti pàdé, á ta á ní kókó ẹ̀ẹ̀mejì, á wá ki ìdí òwú náà bọ abẹ́ ara rẹ̀ kí ojú má rí i. Téèpù wà lórí tábìlì mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò wò ó. Irọ́ ni mò ń pa, síbẹ̀ ọwọ́ mi kò gbà kí n ṣe é wúruwùru.

Mo lọ bá àbúrò mi níbi tó ti ń wọ ẹ̀wù tó dáa jù lọ tó ní.

"Gbọ́, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án lónìí o."

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n?"

"Àwọn àgbà ló ń bọ̀. Má lọ máa fi ọwọ́ tútù ṣeré ọmọdé níwájú wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́, Ọ̀gá Wáyà."

Ohun tí mo rò ni pé bí wọ́n bá ti rí fáànù tó yí, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, màá yọ wáyà náà, lọ́jọ́ kejì màá ní kọ́ìlì ti jóná. Ìyẹn nìkan ni mo rò. Ọgbọ́n mi kò kọjá ibẹ̀.

Yàrá ìgbẹ̀bí kún dẹ́nu. Fíúsì fúnra rẹ̀ ló yọ fíúsì ilé náà lójú gbogbo èèyàn, ó tì í bọ àpò àyà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní iná àdúgbò là ń lò. Wọ́n fa kọ́tìnnì. Màámi wà níwájú, ó jókòó lórí àga tí wọ́n gbé fún un.

Mo tẹ súìsì. Gílóòbù ńlá tàn. Fáànù òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ariwo tó sọ níbẹ̀! Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé orí. Màámi dìde, ó ń jó. Àbúrò mi ń wo fáànù, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọwọ́ yín yìí! Bàbá ì bá wà láyé kí wọ́n rí i!"

Ìgbà yẹn ni Fíúsì jáde síwájú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Apẹja, inú afẹ́fẹ́ ni iná yìí ti wá?"

"Inú afẹ́fẹ́ ni."

"Ó dáa. Fọwọ́ kàn án bó o ṣe máa ń ṣe."

Àbúrò mi kọ́ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ló ń wò. Mo mọ̀ lónìí pé ó rò pé màá kígbe. Kò sẹ́ni tí kò ní rò bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ní kí n má ṣe é lónìí," àbúrò mi ní.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀!" Fíúsì yíjú sí àwọn èèyàn. "Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀gbọ́n ní kó má ṣe é!"

Kùn-ùn, kùn-ùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi tí kì í bínú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wò mí, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó ka ìyẹn sí àṣẹ. Ó ṣí àpótí, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú abọ́ omi tí nọ́ọ̀sì fi ń fọ ọwọ́.

Ẹ̀yin ará, àyè wà. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín pé ó yá jù. Mo rí omi tó ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń nà án. Mo la ẹnu. Mo wo ojú àwọn èèyàn, mo wo Màámi tó ṣì ń mì jìgìjìgì fún ayọ̀, mo sì ní lọ́kàn mi pé, bóyá á kàn gbá a lásán ni. Bóyá kò ní ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo pa ẹnu dé.

Ó di wáyà mú, iná sì gbé e. Kò ké. Ẹni tí iná bá gbé kì í lè ké. Ara rẹ̀ le gan-an, ó ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbi tó ti gé ahọ́n rẹ̀ jẹ. Èéfín ń rú lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn ẹran sísun gba yàrá kan. Màámi fẹ́ fò mọ́ ọn, nọ́ọ̀sì fà á sẹ́yìn tagbára-tagbára, àwọn méjèèjì ṣubú.

Fíúsì nìkan ló mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó gbé bẹ́ǹṣì onígi, ó sì là á mọ́ apá àbúrò mi. Ọwọ́ já kúrò lára wáyà. Etí bẹ́ǹṣì náà bá a lórí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, ó ṣubú bí igi tí wọ́n gé.

Ohun tí àwọn èèyàn rí nìyẹn. Wọ́n rí Fíúsì tó ní kó fọwọ́ kàn án. Wọ́n rí Fíúsì tó fi bẹ́ǹṣì lù ú.

"Ta ló so iná mọ́ wáyà yìí?" ẹnìkan kígbe.

Ohùn mi tí kò jáde lẹ́ẹ̀kan, ó wá jáde wàyí. "Òun ni! Fíúsì ni! Ó ń jowú rẹ̀! Ó ti pa àbúrò mi o!"

Èmi ni mo sì kọ́kọ́ lù ú. Pláyà tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fi gún un lójú. Mi ò fẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Wọ́n dà lé e. Wọ́n fi pákó lù ú, wọ́n fi bẹ́ǹṣì tó fi gba àbúrò mi là lù ú títí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì fi kán. Ọkùnrin kan yọ òòlù láti inú àpò iṣẹ́ Fíúsì, wọ́n tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń lu àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń fọ́. Ó ń pè mí. "Ọ̀gá Wáyà, sọ fún wọn! Jọ̀ọ́, sọ fún wọn!" Nígbà tó yá, kò lè pe orúkọ mi mọ́, ó kàn ń ké.

Nọ́ọ̀sì ló dùbúlẹ̀ lé e lórí. Wọ́n lu òun náà kí wọ́n tó rí ẹni tó jẹ́.

Èmi ti sáré lọ pa iná ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gé wáyà náà lẹ́bàá ọgbà, mo fi iyẹ̀pẹ̀ bo ojú ibẹ̀. Mo wá padà lọ sunkún bíi tàwọn yòókù.

Àbúrò mi kò kú. Àwọn dókítà gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́. Ní yàrá kejì lọ́sibítù kan náà ni Fíúsì wà, ojú kan ti fọ́, ọlọ́pàá sì ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn èèyàn ń kí mi pé, "Ẹ kú ìrọ́jú, Ọ̀gá Wáyà. Ọlọ́run á mú ẹlẹ́ṣẹ̀." Mò ń dáhùn pé àmín.

Ìyàwó Fíúsì ló wọlé bá wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó di nǹkan mú nínú ọ̀rá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi.

"Mi ò wá jà," ó ní. "Nọ́ọ̀sì ló yọ èyí nínú àpótí yín kí wọ́n tó kó o dànù. Wáyà tí wọ́n ní ọkọ mi so rèé. Mo bi ọkọ mi, ó ní téèpù lòun ń lò láti ọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́. Apẹja, ìwọ mọ iṣẹ́ yìí. Bá mi wò ó. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi ni?"

Mo dìde. "Kí lo fẹ́ kó wò? Ṣé o ò rí ipò tó wà? Jáde!"

"Ẹ fi sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," àbúrò mi ní.

Ó fi ọwọ́ òsì gba wáyà náà. Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀. Mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó ń wá ìdí òwú náà, tó rí i níbi tí wọ́n ti fi pamọ́ sábẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó wò mí, ojú rẹ̀ kò pọ́n, kò bínú. Ó kàn dà bíi pé kò mọ̀ mí mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá mi tú u. Ọwọ́ kan kò lè tú u."

Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Màámi gba wáyà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló máa ń rẹ òwú sínú fáníìṣì fún Bàbá wa nígbà ayé rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ó na wáyà náà, ó sì fi nà mí lójú, ó tún nà mí, ojú wáyà fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ya. "Ọmọ mi!" ló ń ké. "Ọmọ inú mi lo fẹ́ sun!" Ìyàwó Fíúsì di irun mi mú, ó fi orí mi lu irin bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbá mi nípàá níkùn, ó ń sọ pé, "Ojú ọkọ mi! Àwọn ìka ọkọ mi!" Mo ti ń jà láti kékeré. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n lù mí.

Àbúrò mi ló ní kí wọ́n dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan. Ṣé ẹ rí ọwọ́ mi bí mo ṣe ń nà án?"

"Mo rí i."

"Ohùn yín yìí tó máa ń dé òpin àdúgbò, níbo ló wà?"

Mo fẹ́ purọ́. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. "Ó wà lọ́rùn mi," mo ní. "Mo gbé e mì."

Mo tẹ̀ lé ìyàwó Fíúsì lọ sí yàrá kejì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ létí ọlọ́pàá. Ọrùn ọwọ́ Fíúsì ni wọ́n ti tú ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀, ọwọ́ mi ni wọ́n fi sí. Fíúsì fi ojú kan tó kù wò mí. Ó ní, "Mo rò pé wàá kígbe ni." Kò tún bá mi sọ nǹkan mìíràn títí dòní. Mo ṣẹ̀wọ̀n. Mo jáde. Fíúsì kò lè di pláyà mú mọ́. Màámi ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi, tí mo bá kí i, á yí ojú sí ògiri.

Ṣùgbọ́n kọ́ìlì wà. Àbúrò mi kò jáwọ́. Ó fi ọwọ́ kan wé òmíràn, ó gbé e padà sábẹ́ wáyà gíga, ó sì ń tan gílóòbù kan ní yàrá ìgbẹ̀bí, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Nọ́ọ̀sì kò fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú mọ́. Ó ní gílóòbù kan tó òun.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń wá wò ó. Ẹ̀rù ń bà wọ́n lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn kì í fẹ́ sún mọ́ ọn. Nígbà náà ni àbúrò mi á ránṣẹ́ pè mí ní ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó pè mí, mi ò mọ ohun tó fẹ́. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ìyàwó Fíúsì náà wà níbẹ̀. Àbúrò mi gbé abọ́ omi kalẹ̀ níwájú mi. Àpótí náà wà ní títì, mi ò mọ̀ bóyá iná inú afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀ tàbí iná tó ń pa èèyàn. Ojú wáyà méjèèjì nìkan ló yọ síta.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ bá wa fọwọ́ kàn án."

Mo wò ó. Kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Kò sọ fún mi pé kò lè pa eṣinṣin. Kò sẹ́ni tó kígbe pé kí n má ṣe é.

Mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ omi, mo sì nà án.

Láti ìgbà yẹn, bó bá ti ránṣẹ́ sí mi ni mò ń lọ. Kò sọ ohun tó wà nínú àpótí fún mi rí. Èmi náà kò bi í léèrè.